Ìgbín Mẹ́fà, Irọ́ Méjì

Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí tí gbólóhùn kan kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe òwe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Màámi ló sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ wésíkóòtì dúdú, ní ilé oúnjẹ àwọn Faransé kan ní Victoria Island l'Ékòó. Ó ní: “Ó dùn, ọmọ mi. O ṣé o.”

Kò dùn. Èmi mọ̀ pé kò dùn, òun alára mọ̀. Àbúrò mi tó fẹ́ sanwó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń fi fọ́ọ̀kì ti ẹran síwá sẹ́yìn nínú àwo láti bí ogún ìṣẹ́jú, mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Síbẹ̀ Màámi rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà, ó ní ó dùn.

Ẹni tó bá mọ Màámi ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí, á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi tán lára mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ta iyán. Bó bá jẹun níbi ìnáwó, kí mọ́tò tó gbé wa délé ló ti ka ẹ̀ṣẹ̀ alásè tán: epo yẹn kò jinná, ẹ̀gúsí yẹn ti pẹ́ nílẹ̀, iyọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù ú. Alápatà tó bá fi eegun pamọ́ sábẹ́ ẹran fún un, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò lọ bá a nídìí igbá rẹ̀. Ẹnu yẹn kì í ṣe ẹnu tí í sọ pé ó dùn lásán.

## Ọbẹ̀ tútù

Kí n má purọ́, ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé oúnjẹ náà máa já mi kulẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, mo lọ kí àbúrò mi l'Ékòó, ó ní ká jọ lọ jẹun níbi tí àwọn ọ̀gá òun ń jẹun sí. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì tín-ín-tìn-ín-tín sí abẹ́ rẹ̀. Mo wá ohun tí mo mọ̀ títí, àlùbọ́sà nìkan ni mo rí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọbẹ̀ àlùbọ́sà.

Nígbà tó dé, kò gbóná. Ó tiẹ̀ ti kọjá ibi tí a ti lè pè é ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Wàràkàṣì orí rẹ̀ ti dì bí ọ̀rá ṣe ń dì sórí ọbẹ̀ àná. Mo wo àbúrò mi, àbúrò mi ń wo fóònù rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn. Ó ṣe tán, mo ti kà á níbì kan pé ọbẹ̀ ànàmọ́ òyìnbó kan wà tí wọ́n ń sè bíi ti Faransé, tútù ni wọ́n sì ń mu ún. Bí mo ṣe mú ṣíbí nìyẹn. Mo mu ún tán, mo nu ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Faransé, Mádàámù ni gbogbo iléèwé ń pè é, ti gbé ọdún kan ní ìlú Lyon rí kó tó wá síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Tútù kẹ̀, Bọ̀dá? Ọbẹ̀ àlùbọ́sà?” Ó ní wọ́n á yan àlùbọ́sà náà nínú bọ́tà lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi pọ́n bí oyin, wọ́n á da omi ẹran lé e, wọ́n á gbé búrẹ́dì sórí rẹ̀, wọ́n á rẹ́ wàràkàṣì lé búrẹ́dì, wọ́n á wá tì í sínú ààrò títí orí rẹ̀ á fi máa hó. Bí kò bá lè jó ahọ́n, kì í ṣe òun. Ó tún fi kún un pé ọbẹ̀ alábàárù ni. Ní Les Halles, ọjà oúnjẹ ńlá tó wà láàárín ìlú Paris kí wọ́n tó kó o kúrò níbẹ̀ ní 1969, òun ni àwọn tó ń ru ẹrù máa ń mu ní ìdájí láti fi lé òtútù.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Kí ẹnì kan gbéra ní Paris wá sí Iléṣà, kó wọ ilé olówó, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ mímu tí àwọn alábàárù Ọjà Àtàkúnmọ́sà ń mu láàárọ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ̀kọ náà ti tutù, kó ti fi awọ bojú, kí iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò ìrẹsì kékeré kan. Kó wá mu ún tán, kó ní ẹ ṣé. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Kí ló wá dé tí mo tún padà lọ? Mo gbọ́ ohun tí Mádàámù wí, ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún kò gbà á tán. Ilé tó tóbi tó yẹn? Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n jẹ.

## Ìgbín mẹ́fà

Nígbà tí Màámi pé àádọ́rin ọdún, àbúrò mi ní ibẹ̀ náà ni a ó ti ṣe é. Mi ò bá a jiyàn. A kúrò n'Íléṣà láago mẹ́fà ìdájí, a dé Èkó, Màámi sùn díẹ̀, ó jí, ó wọ léèsì, ó wé gèlè, a lọ.

Omi ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ bi wá pé omi wo la fẹ́, èyí tó ń hó ni àbí èyí tí kì í hó. Àbúrò mi ní èyí tí kì í hó. Ó gbé ìgò mẹ́rin wá, omi tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti òkè òkun. Màámi yí ìgò tirẹ̀ wò, ó bi wá pé ṣé kò sí omi níbí ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Mádàámù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ní ilẹ̀ Faransé gan-an, ẹni tó bá ń jẹun ní ilé oúnjẹ lè ní kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ fún òun, ọ̀fẹ́ sì ni. Owó ọmọ tó ń gbé oúnjẹ náà, inú iye tí wọ́n kọ sára ìwé oúnjẹ ló wà, wọn kì í tún un kọ sísàlẹ̀. Ohun tí a torí orúkọ Faransé san l'Ékòó, Faransé tó wà nílé kì í san án.

Màámi ní ìgbín lòun fẹ́. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ní in. Ọmọ oníkòkó ni. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń ṣa ìgbín lábẹ́ ewé kòkó nínú oko bàbá wọn, ìgbín tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé fi ń gbé e.

Àwo tó dé ní kòtò mẹ́fà. Ìgbín kan wà nínú kòtò kan, wọ́n ti bọ́ ìkarahun kúrò, bọ́tà tí wọ́n gún áyù àti ewé mọ́ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tó ju orí ọmọńdinrín mi lọ nínú wọn. Màámi fi fọ́ọ̀kì kékeré gún ọ̀kan, ó gbé e sókè sí iná, ó yí i, ó wò ó bí ẹni ń wo owó ayédèrú. “Ṣé wọn ò jẹ́ kó dàgbà ni?” Díẹ̀ ló kù kí omi tú lẹ́nu ìyàwó àbúrò mi. Màámi sọ ìgbín sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rìn, ó rìn, ó dúró. Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì tábìlì: kẹ́rẹ́.

Iyanrìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgbín mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹnì kan ló kánjú. Ẹnì kan ni kò tú inú rẹ̀ dáadáa, kò fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ á fi máa dún lára rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì, oníbàárà kan ṣe irú “kẹ́rẹ́” yẹn lórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀ Màámi. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Màámi ló gbọ́ ọ láti ìdí odó. Ó dìde, ó gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ ìgbín yẹn, ó dà á sí ẹ̀yìnkùlé, ó dá owó gbogbo àwọn tó wà ní ìjókòó padà. Gààrí la mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Obìnrin yẹn náà ló mú nápíkìn báyìí, ó fi bo ẹnu, ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ náà dé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba díẹ̀. “Mummy, ṣé ẹ ń gbádùn oúnjẹ yín?”

Kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ń ṣe kí Màámi tó fèsì. Ojú ti ń tì mí sílẹ̀ dè é. Mo ti na ọwọ́ láti fọwọ́ kàn án, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ ọmọ náà: ẹ má bínú, àgbà ni wọ́n, wọn ò mọ irú oúnjẹ yìí. Ẹni tó rún iyanrìn lẹ́nu, òun ni mo fẹ́ máa bá tọrọ àforíjì.

Màámi rẹ́rìn-ín. “Ó dùn, ọmọ mi. O ṣé o.”

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, sà?”

Mo ní kò lẹ́gbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, mo sì ti imú bọ̀ ọ́.

Ìwé owó dé. Oúnjẹ àti omi, ₦260,000. Owó iṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦26,000. VAT, ₦19,500. Owó orí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí ìjẹun, ₦13,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦318,500. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ̀yin ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, kò wù mí kí n ṣe èyí.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé àbúrò mi, Màámi ní kí wọ́n dúró lọ́dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì kan létí títì. Ó ra bọ̀ọ̀lì méjì. Ó bù ú wò, ó dá a padà láti ojú fèrèsé mọ́tò. “Ìyá, èyí ò jinná dénú. Ẹ jẹ́ kó tún rí iná díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́.” Oníbọ̀ọ̀lì kùn, ó dá a padà sórí iná, a dúró. Ẹnu Màámi kò lọ síbì kankan.

## Ọmọ òṣómàáló

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti há sí mi lọ́rùn. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Mi ò ní tún ìtàn òṣómàáló sọ fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára wọn. Ó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, ó ń tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, yóò padà lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́. Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Wọ́n ní kì í jà, kì í bú èèyàn. Á kàn lóṣòó síbẹ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà, títí ojú á fi ti onígbèsè. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ń bèèrè, kò sí ìdí fún ìtìjú.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló bí ẹni tó bí mi, èmi sì jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ìyá mi rún iyanrìn lójú mi, mo ní kò lẹ́gbẹ́. Owó àbúrò mi ra àga, ó ra omi òkè òkun, kò ra ẹnu fún mi.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Òkèsà, níbi tí mo ti ń jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Bí iyán bá ní kókó, mo máa ń pariwo. “Ìyá, kókó wà nínú iyán yìí o!” Wọ́n á ní, “Kókó ń bẹ lójú rẹ, tíṣà.” Wọ́n á bú mi, màá bú wọn padà ní ọ̀nà tí ọmọ lè gbà bú ìyá, wọ́n á sọ ẹran kan sí i. Bí mo bá jẹun níbẹ̀ tí mi ò rojọ́ kankan, wọ́n á béèrè bóyá ara mi ò yá. Ẹjọ́ rírò wà lára àárín àwa méjèèjì.

Ní Victoria Island, gbólóhùn kan péré ni mo ń bẹ̀rù: “Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, sà.” Kò sí èsì fún un. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ahọ́n tí ìyá rẹ fi ata tọ́ dàgbà ti di ahọ́n ará oko nìyẹn. Torí náà ni mo ṣe sáré yìn wọ́n kí wọ́n tó rí ààyè sọ ọ́.

Mi ò bá àwọn Faransé jà o. Àjọ UNESCO tó kọ Ifá wa sínú ìwé àjogúnbá aráyé náà ló kọ oúnjẹ àwọn Faransé síbẹ̀ ní 2010, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ kì í ṣe owó gọbọi. Ìjókòó pọ̀ ni: kí ẹbí àtọ̀rẹ́ pé jọ nítorí ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìkómọ, kí oúnjẹ máa tẹ̀ lé oúnjẹ, kí ọ̀rọ̀ máa lọ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “restaurant” pàápàá, omi ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ní Paris ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, omi ẹran tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le kó lè gbé e dìde. Ohun tí ìyá ọkọ ń sè fún ìyá ìkókó ni.

Àwọn náà sì mọ̀ pé ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Àwọn ará ilé Michelin, tí wọ́n ń ṣe táyà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan fún àwọn onímọ́tò ní 1900, kí àwọn èèyàn lè máa rìnrìn àjò, kí táyà lè máa jẹ. Nígbà tó di 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ yẹ́ ilé oúnjẹ tó bá dára sí. Àwọn tí wọ́n ń rán lọ tọ́ oúnjẹ wò kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń san gbogbo owó oúnjẹ wọn bíi ti ẹnikẹ́ni. Pé oníṣòwò táyà ló ń dá ẹjọ́ ọbẹ̀ lè jọ ẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹ bọ́ sójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́sàn-án. Ibi tí tírélà bá tò sí létí títì, ibẹ̀ ni iyán ti dára. Táyà làwọn awakọ̀ fi ń sọ ti wọn, wọn kì í fi ẹnu sọ ọ́.

## Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ìbí náà, mo bá Màámi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí lórí àtẹ. Mo jókòó tì í, mo ń bá a ṣa á. Mo ní, “Màámi, ẹ ṣe sọ fún ọmọ yẹn pé ó dùn?”

Kò gbójú sókè. “Ọmọ wo?”

“Ti Èkó. Ẹ gé iyanrìn jẹ.”

Ó ju èèpo ẹ̀gúsí kan nù. “Ìwọ ò wo bàtà rẹ̀ ni?”

Mi ò wo bàtà rẹ̀. Màámi ní bàtà náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi aró dúdú kun ìbọ̀sẹ̀ ibẹ̀ kí ó má baà hàn. Ó ní láti ìgbà tí a ti wọlé títí a fi jáde, ọmọ náà kò jókòó, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró, á sinmi èkejì. “Bí mo bá ní kò dùn, ara owó ta ni wọ́n á ti yọ ọ́? Ṣé òun ló sè é? Ẹni tó sè é, ṣé o rí i? Èmi ò rí i. Ta ni mo fẹ́ bá wí?”

Mo dákẹ́. Mo ti rò pé irọ́ kan náà ni èmi àti òun jọ pa.

Ní ìsọ̀ tirẹ̀, ìdí odó ló máa ń wà, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ń jẹun ń wo bí ọmọ odó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn àwọn tó ń gún un. Bí iyán bá ní kókó, ó mọ ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ilé oúnjẹ bíi ti Èkó yẹn ní ìtò mìíràn. Auguste Escoffier, ọ̀gá alásè Faransé tó kú ní 1935, ti ṣe alásè fún àwọn ọmọ ogun nínú ogun 1870, ó sì wá to yàrá ìdáná bí wọ́n ṣe ń to ológun: ọ̀gá kan lókè, ẹni tó ń se omi ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ń yan ẹran lọ́tọ̀, ẹni tó ń ṣe ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, kálukú níwájú iná tirẹ̀. Ìtò náà dára, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn jáde lásìkò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà láàárín, ọmọ tí bàtà rẹ̀ là nìkan ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Òun ló ń gbé ọbẹ̀ tútù wá, òun ló sì ń gbé èébú padà.

Mo gbìyànjú láti bá Màámi jiyàn. Mo ní àánú yìí dára, àmọ́ iyanrìn náà wà níbẹ̀ títí di òní, ẹni tó tẹ̀ lé wa á ti jẹ ẹ́. Mo ní ẹnì kan ì bá sọ fún ọ̀gá wọn.

Ó wá gbójú sókè wàyí. “Ìwọ tó gbọ́ òyìnbó ńkọ́? O ò ṣe ní kí wọ́n pe alásè wá? Èmi ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ, ta lo ṣàánú?”

Mo padà sí ẹ̀gúsí mi.

## Ó yé wa, sà

Iléèwé wọlé. Lọ́gárídíìmù ni mo ń kọ́ SS2. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú kíláàsì yẹn, mẹ́ta-mẹ́ta lórí àga tó yẹ kí méjì jókòó. Mo yanjú ìbéèrè kan lójú pátákó, ìlà méje, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo yíjú padà, mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo ti ń bi àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kàndínlógún: “Ṣé ó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!”

Ohùn Màámi ni mo gbọ́. Ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà. Ó dùn, ọmọ mi, o ṣé o.

Ìwé ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ṣì wà lórí tábìlì mi, mo ti máàkì rẹ̀ tán. Ọmọ mẹ́sàn-án ló yege. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì ṣe ìdánwò náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé ó yé wọn.

Ohun tó wá mú kí n dúró sójú kan pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ ni pé mo rántí ohun tí mo máa ń sọ. Ọmọ kan á nawọ́, á ní, “Sà, kí ló dé tí ẹ fi mú nọ́ńbà yẹn bọ́ sí iwájú?” Ẹ̀mí mi á ti wà lórí iye orí-ọ̀rọ̀ tó kù kí WAEC tó dé, màá dá a lóhùn pé: “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà á jókòó. Kò ní nawọ́ mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Mo bi wọ́n lọ́nà mìíràn. Mo ní, “Ìlà wo ni kò yé yín?” Wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Ẹni kan ń wo ẹni kejì. Mo fa àga mi jáde lẹ́yìn tábìlì, mo jókòó síwájú wọn, mo ní mi ò ní dìde àfi bí ẹnì kan bá sọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn kíláàsì yòókù ń pariwo, aago kò tíì lù.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹni tí n kò rántí pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, dìde.

“Sà, ìlà kejì.”

Mo wo pátákó. “Ìlà kejì yìí?”

“Rárá, sà. Ìlà kejì èyí tí ẹ ṣe ní táàmù tó kọjá.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń wo ojú mi. Mo dìde, mo mú dọ́sítà, mo nu ìlà méjèèje.